Bí ẹ ó ṣe la ìgbà òtútù Chicago já pẹ̀lú ìdílé àti ọ̀rẹ́

Bí ẹ bá ń gbé ní Chicago, Milwaukee, Minneapolis, Indianapolis tàbí Detroit, ẹ ó ti gbọ́ oríṣiríṣi ìmọ̀ràn nípa kóòtù. Gbogbo ẹni tó ṣáájú yín dé ló máa sọ irú èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ rà. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó ń dá ìdílé wa lágara láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni àdáwà. Ilẹ̀ ti ṣú kí ẹ tó ti ibi iṣẹ́ dé, kò sí aládùúgbò kankan níwájú ilé, ọmọ ò lè ṣeré níta, màmá tó wá wẹ ọmọ láti Ìbàdàn jókòó sójú fèrèsé láti àárọ̀ dalẹ́. Nítorí náà, ètò ènìyàn ni mo fi ṣe ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ níbí. Ilé, aṣọ àti ọkọ̀ tẹ̀lé e. Chicago ni mò ń gbé, òfin ibẹ̀ ni màá sọ jù, màá sì mẹ́nu ba Minnesota níbi tí tiwọn bá ti yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ to àwọn ènìyàn yín nínú oṣù kẹwàá

Ẹ kọ orúkọ ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ilé wọn kò jìnnà sí tiyín sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ àtàtà tó wà ní Texas kò sí nínú ìwé yìí. Ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ yín ni mò ń sọ, tàbí ẹni tó lè wakọ̀ dé láàárín ogún ìṣẹ́jú nígbà tí títì ò tíì dára. Ó lè jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń kírun Jímọ̀, ó lè jẹ́ ará Mẹ́síkò tó ń gbé ìsàlẹ̀ yín. Kò dìgbà tó bá jẹ́ Yorùbá.

Ẹ pe ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí a bá jù sínú ẹgbẹ́ WhatsApp, kálukú á rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Nígbà tí òtútù bá le jù, tàbí tí sínóò bá pọ̀, ilé ìwé lè kéde lálẹ́ pé àwọn ò ní ṣí lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àgbàlagbà, iṣẹ́ yẹn ò sì ní ìsinmi sínóò. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí á jọ sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kí sínóò tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ilé ìwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀, ṣé mo lè gbé àwọn tèmi wá sọ́dọ̀ yín? Ajé àti Ẹtì, èmi wà nílé, ẹ máa gbé tiyín bọ̀." Ẹ dárúkọ ọjọ́. "Màá bá yín mú wọn" lásán kì í dúró ní aago márùn-ún ìdájí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ilé yín kan sọ́wọ́ ẹnì kan nínú wọn, kí ẹ gba tirẹ̀. Bí páìpù omi bá bẹ́ nígbà tí ẹ wà níbi iṣẹ́, òun ló máa wọlé pa omi. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa omi gbogbo ilé, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i wò.

Ẹ wá pín àwọn tó ń dá gbé láàárín ara yín: akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àǹtí tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, bùrọ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ní òwúrọ̀ tí òtútù bá ti wọ ìsàlẹ̀ 0°F (ìyẹn -18°C), ẹni tí wọ́n wà lọ́wọ́ rẹ̀ á pè wọ́n kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Bí wọn ò bá gbé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnì kan lọ kan ilẹ̀kùn.

Oúnjẹ ló kù. Ẹ dá ọjọ́ tí ẹ ó máa jọ jẹun, lẹ́ẹ̀kan lóṣù ó kéré tán, kí ó máa yí ká bí àjọ: oṣù kọkànlá lọ́dọ̀ yín, oṣù kejìlá lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, títí dé oṣù kẹta. Ẹ mú ọjọ́ náà nísinsìnyí. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ pé "a ó máa ríra", oṣù kẹta á dé, ẹ ò ní tíì ríra. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dára jù, láti aago méjìlá. Nínú oṣù kejìlá, oòrùn Chicago ti máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, ẹni tó sì ní ọmọ kékeré kò ní fẹ́ fi òkùnkùn wakọ̀ lórí yìnyín. Kí kálukú gbé oúnjẹ kan wá, kí onílé má bàa dá se ìrẹsì, ẹran àti mọ́ínmọ́ín, kó wá sọ pé òun ò ṣe mọ́. Ẹ má sì torí sínóò ínṣì mẹ́ta fagi lé e. Bí National Weather Service (àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ á ṣe rí) bá kéde ìjì sínóò tàbí òjò tó ń di yìnyín, ẹ sún un sí ọ̀sẹ̀ kejì.

Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ tẹ́ àwo rọ́bà ńlá sílẹ̀ fún búùtù, kí ẹ gbé àga kan tì í kí àwọn àgbà lè jókòó bọ́ bàtà. Iyọ̀ tí wọ́n dà sí títì máa ń bá bàtà wọlé, á fi àpá funfun sí ilẹ̀ onípákó, á sì ba etí aṣọ jẹ́. Àwọn obìnrin wa ti mọ̀ ọ́n ṣe: gèlè wà lórí, aṣọ òkè wà nídìí, búùtù rọ́bà wà lẹ́sẹ̀, bàtà òde wà nínú báàgì lọ́wọ́.

Bí ọmọ bá dé nínú oṣù kìíní, ẹ má sún ìsọmọlórúkọ síwájú nítorí òtútù. Ẹ sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, nínú ilé, pẹ̀lú ìwọ̀nba àgbà tó kúnjú òṣùwọ̀n. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi kò nílò gbọ̀ngàn. Ẹ gbé fóònù dúró kí àwọn ará ilé lè rí i. Aago mẹ́jọ àárọ̀ níbí jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán ní Nàìjíríà nígbà òtútù. Àríyá ńlá lè dúró di oṣù kẹfà tàbí ìkeje, ọgbà ìtura á ti ní ewé, ọmọ á ti lè gbé ọrùn. Ẹni tó bá ń wúkọ́ tàbí tí imú rẹ̀ ń dà, kó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, kó má wá. Ẹ jẹ́ kí gbogbo àlejò fọ ọwọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà ọmọ nípa abẹ́rẹ́ tó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ RSV (àrùn èémí kan), torí ìgbà òtútù ni àrùn náà máa ń jà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tún ilé ṣe

Ẹni tó ń háyà ilé ní Chicago ní òfin lẹ́yìn. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, níbi tó bá jẹ́ pé lánlọ́ọ̀dù ló ń mú ilé gbóná, ooru inú ilé kò gbọ́dọ̀ dín ní 68°F (20°C) láti aago 8:30 àárọ̀ sí 10:30 alẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 66°F (19°C) lóru. Ẹ ra tẹmómítà kékeré kan kọ́ sí yàrá. Bí ilé bá tutù, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti aago, kí ẹ kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù. Bí kò bá dáhùn, ẹ pe 311, nọ́ńbà ìjọba ìlú. Òfin ìlú Chicago kò gba àwọn òṣìṣẹ́ ìlú láàyè láti máa béèrè ìwé ìgbélùú kí wọ́n tó ran ènìyàn lọ́wọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má torí ìwé jókòó sínú òtútù.

Bí owó gáàsì bá ń wọ̀ yín lọ́rùn, ètò kan wà tí ìjọba àpapọ̀ ń náwó sí, LIHEAP lorúkọ rẹ̀, ó ń bá ìdílé tí owó wọn kéré san lára owó náà. Ní Cook County, níbi tí Chicago wà, àjọ CEDA ló ń ṣe é. Ẹ tètè lọ kọ orúkọ, nítorí owó náà lè tán. Ní Illinois, ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní gáàsì tàbí iná tó ń mú ilé gbóná kò gbọ́dọ̀ já a ní ọjọ́ tí wọ́n bá sọ tẹ́lẹ̀ pé òtútù máa dé 32°F tàbí kó relẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Minnesota, ààbò irú èyí wà láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá sí ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ pe ilé iṣẹ́ náà kí ẹ bá wọn ṣe àdéhùn bí ẹ ó ṣe máa san án, kí ẹ sì máa san án bẹ́ẹ̀. Gbèsè ò ní lọ. Iná ni wọn ò ní já.

Èéfín carbon monoxide ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù ju sínóò lọ. Àwa tí a ti gbọ́ ìròyìn ìdílé tí èéfín jẹnẹrétọ̀ pa mọ́jú nílé, a mọ ohun tó ń ṣe: kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, oorun ló fi ń pa ènìyàn. Níbí, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná tó bá ti bàjẹ́ lè tú u jáde. Òfin Illinois ní kí ẹ̀rọ tó ń ké nígbà tí èéfín náà bá wà nínú ilé má jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ sí yàrá tí ènìyàn ń sùn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò lónìí. Bó bá ké lóru, ẹ kó gbogbo ọmọ jáde nínú aṣọ tó wà lọ́rùn wọn, kí ẹ tó pe 911. Ẹ má tan ófùnù gáàsì láti fi yáná, ẹ má sì gbé èédú wọlé láéláé.

Hítà kékeré oníná kò burú bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnnì, tí ẹ sì fi wáyà rẹ̀ bọ ihò iná ara ògiri tààrà, kì í ṣe ara wáyà ẹ̀kún (extension). Ẹ pa á kí ẹ tó sùn.

Ní ti páìpù: lálẹ́ tí òtútù bá máa le gan-an, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síńkì kí ooru lè wọ ibẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí omi máa kán díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rìnrìn àjò, ẹ má pa ooru ilé pátápátá, ẹ má jẹ́ kó relẹ̀ ju 55°F (13°C) lọ.

Oúnjẹ tó tó ọ̀sẹ̀ kan ni kó wà nílé. Ẹ lọ ata rodo, tàtàṣé àti tòmátò pọ̀, ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, ẹ bu ú sínú ike kéékèèké sínú fírísà. Ẹ ní gàrí àti èlùbọ́ lọ́pọ̀. Gàrí ò nílò iná. Bí ẹ bá sì ra iṣu bọ̀ láti ilé ìtajà àwọn ará wa, ẹ má fi sílẹ̀ sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ mọ́jú. Iṣu tó bá dì á rọ̀ nígbà tó bá yọ́, inú rẹ̀ á dúdú, ẹ ò ní lè jẹ ẹ́ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: aṣọ, àti ọmọ inú ọkọ̀

Aṣọ mẹ́ta ni. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ara kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òwú, nítorí òwú máa ń gba òógùn, á sì tutù mọ́ yín lára. Irun àgùntàn tàbí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní thermal ló dára. Súwẹ́tà nípọn lé e, kóòtù tí afẹ́fẹ́ ò lè là kọjá wá bò ó. Ìbọ̀wọ́ tí ìka mẹ́rin wà pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń gbóná ju èyí tó ya ìka sọ́tọ̀ lọ. Kí búùtù fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, bàtà tó bá há mọ́ ìbọ̀sẹ̀ nípọn á mú ẹsẹ̀ tutù. Fìlà tí wọ́n fi sátíìnì tẹ́ inú rẹ̀ kò ní jẹ irun. Ara wa máa ń gbẹ níbí ju ìgbà ọyẹ́ lọ, torí pé ooru inú ilé ń gbẹ afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ti wẹ̀ tán, kí ara tó gbẹ tán, ẹ fi òrí pa á, ètè àti gìgísẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ inú ọkọ̀ ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fojú kéré. Kóòtù ọmọ tó wú bí ìrọ̀rí kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ bẹ́líìtì àga ọmọdé. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, kóòtù náà á fún pọ̀, bẹ́líìtì á dẹ̀, ọmọ lè yọ jáde. Báyìí ni kí ẹ ṣe é: ẹ tan ọkọ̀ kí inú rẹ̀ gbóná, ní ìta, kì í ṣe nínú gáréèjì tó wà ní títì. Ẹ bọ́ kóòtù ọmọ. Ẹ di bẹ́líìtì títí tí ẹ ò fi ní lè fi ìka méjì ká a ní èjìká. Ẹ wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tàbí kóòtù náà bò ó láti iwájú. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá kí ẹ tó jáde, torí ojú wọn ni ọmọ á ti máa sunkún nítorí òtútù, wọ́n á sì fẹ́ wọ̀ ọ́ padà.

Pípọ̀n ṣì dára. Ẹ pọn ọmọ nínú ilé bí ẹ ti fẹ́. Bí ẹ bá máa jáde, tí ìyá àti ọmọ wà lábẹ́ kóòtù ńlá kan náà, níwájú ni kí ọmọ wà kí ẹ lè máa rí imú àti ẹnu rẹ̀, nítorí aṣọ tó bò ó lójú lè dí i ní èémí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọn òbí tó ń bọ̀ láti ilé

Bí ẹ bá lè yan àsìkò, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun kì í dúró de oòrùn, màmá tó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ lè balẹ̀ sí àárín oṣù kìíní. Ẹ béèrè ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó wọ bàálù. Ẹ gbé kóòtù, fìlà, ìbọ̀wọ́ àti búùtù lọ bá wọn ní Terminal 5 ní pápákọ̀ òfuurufú O'Hare, inú ibẹ̀ ni kí wọ́n ti wọ gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ yẹn máa ń gbá àyà ẹni tí kò rí i rí. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi ìborùn bo imú, kí wọ́n mí díẹ̀díẹ̀.

Kí wọ́n kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà tó máa tó wọn fún gbogbo ìgbà tí wọ́n máa lò, kí ẹ sì ra ìwé ìṣeduro ìlera àlejò fún wọn kí wọ́n tó gbéra. Ilé ìwòsàn níbí kò ní fi ojú àlejò wò wọ́n nígbà tí owó bá dé.

Màmá tó ti ń ró ìró láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní torí òtútù wọ ṣòkòtò lásán, kò sì yẹ kí ẹ fipá mú un. Ẹ ra ṣòkòtò abẹ́ tó nípọn, kí ó wọ̀ ọ́, kí ó ró ìró lé e, kí etí ìró náà mọ ní àárín ojúgun. Ìró tó bá gùn dé ilẹ̀ máa ń fa sínóò. Nínú ọkọ̀, sínóò náà á yọ́, aṣọ á rin. Bí wọ́n bá tún jáde, etí ìró á gan, á máa gbá wọn lójúgun bí wọ́n ti ń gbé ẹsẹ̀, á sì fẹ́ kọ́ wọn lẹ́sẹ̀ níbi àtẹ̀gùn. Ibi àtẹ̀gùn yẹn ni àgbà ti ń ṣubú.

Ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń rìn lórí yìnyín: ìṣísẹ̀ kéékèèké, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ balẹ̀ pọ̀, kí ara tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ọwọ́ má sí nínú àpò kóòtù. Yìnyín tó léwu jù kì í hàn. Ó dà bí ilẹ̀ tó tutù lásán.

Bàbá tó bá rí i pé ọmọ òun ń fi ṣọ́bìrì kó sínóò kò ní fẹ́ jókòó. Ẹ fi ọ̀wọ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn. Kíkó sínóò máa ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ púpọ̀ nígbà tí òtútù ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ dída iyọ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ máa kó o, ẹ máa tì í, ẹ má máa gbé e, kí ẹ kó o kí ó tó pọ̀, kí ẹ sì máa sinmi. Iyọ̀ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ bí òtútù bá ti relẹ̀ ju 15°F (-9°C) lọ. Nígbà yẹn, calcium chloride ni kí ẹ rà.

Ohun tó ń pa òbí lára jù ni fèrèsé tí wọ́n ń wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni màmá mi ti béèrè pé ṣé kò sí ènìyàn ní àdúgbò yìí ni. Ẹ mú wọn jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ má fi mọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni Garfield Park Conservatory, ilé onígíláàsì ńlá kan ní ìwọ̀ oòrùn Chicago, tí wọ́n ṣí ní 1908. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń gbé Chicago. Ẹ gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lọ. Ooru inú rẹ̀ á jẹ́ kí wọ́n bọ́ kóòtù, igi ọ̀pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó wà níbẹ̀, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí sínóò wà lórí gíláàsì. Màmá kan tí mo bá lọ dúró ti ẹsẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní wọn ò gé ewé gbígbẹ rẹ̀ dáadáa, ó fẹ́ bá wọn gé e. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ sọ ìtàn oko bàbá rẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àwọn ará Saint Paul ní irú ilé yìí ní Como Park, ọ̀fẹ́ ni tiwọn náà. Àwọn ará Milwaukee ní ti Mitchell Park.

Ẹ sì wá màmá mìíràn fún màmá. Nínú àwọn ìdílé tí ẹ kọ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ó ṣeé ṣe kí ìyá ẹnì kan wà níbí lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ara wọn, kí ẹ kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa pe ara wọn láìdúró dè yín. Ìyá méjì tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ tí ò jẹun dáadáa lórí fóònù fún wákàtí kan ti ní iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọkọ̀ àti ọkọ̀ ojú irin

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, ẹ kò gbọ́dọ̀ páàkì sí àwọn títì ńlá kan ní Chicago láti aago mẹ́ta òru sí aago méje àárọ̀, ìbáà jẹ́ sínóò ń rọ̀ tàbí kò rọ̀. Nǹkan bíi máìlì 107 ni òfin náà kàn, àkọlé rẹ̀ sì wà lórí òpó. Bí wọ́n bá wọ́ ọkọ̀ yín, owó ìwọ́kọ̀ kò dín ní $150, owó ìtanràn $60 lọ́tọ̀, ẹ ó sì máa san owó ìpamọ́ lójoojúmọ́. Minneapolis ní òfin tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kéde pé sínóò ti pọ̀. Bí ẹ bá rí àga tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì lójú àyè tí ẹnì kan ti kó sínóò rẹ̀ kúrò níwájú ilé, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Kò sí nínú òfin, àṣà àdúgbò ni, ìjà tó sì ń bá a rìn kò tọ́ sí yín.

Ẹ jẹ́ kí epo ọkọ̀ máa kọjá ìdajì nígbà gbogbo. Láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní sí ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2011, sínóò ínṣì 21.2 rọ̀ sí Chicago, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ sì há sórí Lake Shore Drive mọ́jú pẹ̀lú àwọn ènìyàn nínú wọn. Ẹ kó bùláńkẹ́ẹ̀tì, ṣọ́bìrì kékeré, iyanrìn, iná tọ́ọ̀ṣì, wáyà tí a fi ń gba iná látara bátìrì ọkọ̀ mìíràn, omi àti ìpápánu sínú bọ́ọ̀tù. Bí ọkọ̀ bá há sínú sínóò, ẹ kó sínóò kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èéfín carbon monoxide á padà wọlé bá yín.

Ẹ má da omi gbígbóná sí gíláàsì iwájú, ó lè fọ́. Ẹ wọn atẹ́gùn táyà, nítorí ó máa ń dín kù bí òtútù bá ti ń le. Lórí afárá ni yìnyín ti kọ́kọ́ ń dì.

Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin CTA, kó wo àkókò ọkọ̀ lórí fóònù kó tó kúrò nílé. Ní orí pèpéle, iná amóoru wà lókè, bọ́tìnnì ni ẹ ó tẹ̀ kó tó tàn níbòmíì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: òru tí òtútù bá le kọjá ààlà

Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019, òtútù Chicago dé -23°F (-31°C), afẹ́fẹ́ sì mú kó dà bíi pé ó ti kọjá -50°F lára. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má jáde bí kò bá pọn dandan, ara tó ṣí sílẹ̀ lè dì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìka, etí àti imú ló máa ń kọ́kọ́ dì. Ìwé tó bá sọ pé ara á pọ́n, aláwọ̀ funfun ló ń bá wí. Lára tiwa, á rí bí eérú, á le, ẹni náà ò sì ní mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má fi sínóò pa á. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ ki í bọ̀, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Bí ẹnì kan bá ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, tí oorun ń kùn ún, ẹ pe 911, kí ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, kí ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e.

Bí ooru ilé bá kú lóru yìí, àwọn tí ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ pe 311, wọ́n á júwe ibi tó ṣí tí ẹ ti lè yáná fún yín.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ̀mí yín àti ìpè ilé

Àárẹ̀ tó ń mú ènìyàn nínú oṣù kìíní àti oṣù kejì kì í ṣe ọ̀lẹ. Àìrí oòrùn máa ń mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Iná kan wà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,000 lux, tí a máa ń gbé kalẹ̀ ní àárọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 láì tẹjú mọ́ ọn. Ẹ bi dókítà bóyá ó bá yín mu, pàápàá bí ojú bá ń dùn yín. Ẹ ní kí wọ́n yẹ vitamin D yín wò pẹ̀lú. Oòrùn ìgbà òtútù níbí kò lágbára tó láti ṣe é sí ara, ara dúdú sì nílò oòrùn púpọ̀ kó tó rí i ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá àárẹ̀, tí ẹnì kan nínú ilé ń sọ pé ayé sú òun, nọ́ńbà 988 wà ní tọ̀sán-tòru, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbàdúrà, ẹ sì tún pè wọ́n.

Ẹ mú àkókò kan fún ìpè ilé, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́. Nígbà òtútù, wákàtí méje ni Nàìjíríà fi ṣáájú Chicago. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ẹ ti ibi iṣẹ́ dé, tí ẹ jẹun tán ní aago mẹ́jọ alẹ́, aago mẹ́ta òru ni lọ́hùn-ún, ìpè yín á dá ìpayà sílẹ̀ nínú ilé. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dára jù: àwọn ọmọ ti jí, bàbá ti jẹun ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé fóònù lọ sójú fèrèsé, kí wọ́n fi sínóò han ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn. Ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta, aago Amẹ́ríkà á sún síwájú, á wá ku wákàtí mẹ́fà. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú pé aago méjì ọ̀sán ni ìpè yín á máa wọlé títí di oṣù kọkànlá.